Ìyá àgbà tó gbé ọwọ́ sókè: ibi tí àwòrán àti ìwé ti wọ ọ̀rọ̀ eugenics ní Bràsíìlì

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi, mo gé e kúrú díẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní ká ṣe prọ́jẹ́ẹ̀tì lórí ìtàn eugenics nípasẹ̀ iṣẹ́ ọnà àti ìwé kíkọ, ọ̀rọ̀ yẹn ò sì tíì yé mi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn dókítà àti àwọn onísáyẹ́nsì ló ṣe eugenics, Hitler náà wà níbẹ̀. Kí wá ló kan ayàwòrán? Mo rí àwòrán kan láti Bràsíìlì, ìyá àgbà aláwọ̀ dúdú kan gbé ọwọ́ méjèèjì sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀, inú gbogbo wọn ń dùn, wọ́n ní àwòrán eugenics ni. Mi ò rí eugenics kankan níbẹ̀. Ṣé ó tọ́ kí n lò ó?”

Àbúrò mi, o káre, ìbéèrè gidi lo béèrè. Lò ó. Àní òun gan-an ni màá ní kó o fi bẹ̀rẹ̀, torí pé inú tó ń dùn tó o rí yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Lọ́dún 1911, aṣojú ìjọba Bràsíìlì gbé ẹ̀dà àwòrán yẹn lọ sí ìpàdé àgbáyé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ó fi ṣe ẹ̀rí lójú gbogbo ayé pé àwọn aláwọ̀ dúdú máa tó tán ní orílẹ̀-èdè òun. Màá ṣàlàyé bó ṣe jẹ́, ṣùgbọ́n jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ.

Eugenics ni ìgbàgbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn kan dára, ti àwọn kan ò dára, àti pé ó yẹ kí ìjọba àti àwọn ọ̀mọ̀wé máa pinnu ẹni tó yẹ kó bímọ àti ẹni tí kò yẹ, bí wọ́n ṣe ń ṣa ẹran ọ̀sìn. Francis Galton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí Charles Darwin, ló fún un lórúkọ lọ́dún 1883. Ó dé Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Indiana ló kọ́kọ́ ṣòfin lọ́dún 1907 pé wọ́n lè fi tipá sọ èèyàn di ẹni tí kò lè bímọ mọ́, àwọn ìpínlẹ̀ tó tẹ̀ lé e lé ní ọgbọ̀n, àwọn tí wọ́n sì ṣe é fún lé ní 60,000. Ó dé Jámánì, òfin tiwọn jáde ní July 1933, nǹkan bí 400,000 èèyàn ni wọ́n ṣe é fún níbẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn aláìsàn. Apá tí gbogbo èèyàn mọ̀ nìyẹn, apá dókítà àti ọ̀bẹ, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n wo Galton fúnra rẹ̀ dáadáa. Nígbà tó fẹ́ fi hàn pé ọ̀daràn ní ojú tí wọ́n bí mọ́ ọn, kí ló lò? Fọ́tò ni. Láti nǹkan bí 1877 ló ti ń kó fọ́tò àwọn ẹlẹ́wọ̀n jọ, á ya wọ́n léra wọn lórí awo kan ṣoṣo títí ojú gbogbo wọn á fi di ojú ẹnì kan tí kò sí láyé, á ní irú ojú ọ̀daràn nìyẹn. Èyí tó jáde ò tiẹ̀ gbè é, torí ojú àkópọ̀ yẹn dára ju ti ẹnikẹ́ni nínú wọn lọ, òun náà sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó wá darúgbó, ní 1910, ọdún kan kó tó kú, ìtàn àròsọ ló jókòó kọ: ìlú kan tó pè ní Kantsaywhere, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánwò fún èèyàn kí wọ́n tó gbà kó gbéyàwó kó bímọ. Atẹ̀wétà kọ̀ ọ́, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan sì ba apá kan nínú ìwé náà jẹ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìwọ̀nba tó kù la ní lónìí.

Kí ló dé tí onísáyẹ́nsì ń ya fọ́tò, tó ń pìtàn? Torí pé ohun tí eugenics ń ṣèlérí, kò sẹ́ni tó lè fojú rí i. Ẹ̀yà èèyàn tó máa pé pérépéré ní ọgọ́rùn-ún ọdún sí i, ta ló ti rí i? Ẹ̀jẹ̀ burúkú, ta ló ti rí i? Wọn ò ní ẹ̀rí tó dúró, ayàwòrán ló bá wọn fún un lójú, òǹkọ̀wé ló bá wọn fún un ní ìtàn. Ohun mìíràn tún wà tí nọ́ńbà ò lè ṣe láé tí àwòrán lè ṣe, òun ni mo fẹ́ kó o di mú jálẹ̀ iṣẹ́ rẹ: àwòrán lè mú kí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa rẹ́ dúró níbẹ̀ kó máa dúpẹ́.

Ó yá, àwòrán rẹ. Orúkọ rẹ̀ ni A Redenção de Cam, ìràpadà Hámù. Modesto Brocos ló yà á lọ́dún 1895, ọmọ Sípéènì ni, ìlú Santiago de Compostela ni wọ́n bí i sí, àmọ́ Rio de Janeiro ló ti ṣiṣẹ́ títí tó fi kú. Àwòrán náà gba góòlù níbi ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ńlá ọdún yẹn, Museu Nacional de Belas Artes ní Rio sì ni ibùgbé rẹ̀.

Jẹ́ ká jọ wò ó, má kánjú. Apá òsì ni ìyá àgbà wà, ó dúró, kò wọ bàtà, ó gbé ojú àti ọwọ́ sókè bí ẹni tí Ọlọ́run ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lóhùn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin jókòó sí àárín, àwọ̀ tiẹ̀ ti pupa ju ti ìyá rẹ̀ lọ, ó jókòó gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ya Màríà ìyá Jésù, ó ń nàka sí ìyá rẹ̀ kí ọmọ lè wò ó. Ọmọ ọwọ́ yẹn wà lórí itan rẹ̀, funfun ni, ó mú ọsàn lọ́wọ́. Ọ̀tún ni bàbá ọmọ wà, òyìnbó, ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Wá wo ilẹ̀. Erùpẹ̀ ni ìyá àgbà tẹ̀, òkúta tí wọ́n tò ni ẹsẹ̀ ọkùnrin yẹn wà lé. Imọ̀ ọ̀pẹ ló wà lẹ́yìn ìyá àgbà, ilé ló wà lẹ́yìn ọkùnrin. Tó o bá ka àwòrán yẹn láti òsì sí ọ̀tún bí èèyàn ṣe ń ka ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ lára dúdú, ó parí sára funfun, láti inú igbó wọnú ilé.

Wò ó wàyí, ta ni kò sí níbẹ̀? Kò sí ọkùnrin dúdú kankan. Bàbá obìnrin àárín yẹn dà? Àwọ̀ rẹ̀ pupa ju ti ìyá rẹ̀ lọ, ó dàgbà débi pé ó ti ń tọ́mọ ní 1895, ìyẹn ni pé nígbà oko ẹrú ni wọ́n bí i. Irú nǹkan wo ló ṣẹlẹ̀ láàárín obìnrin dúdú kan àti ọkùnrin funfun kan lákòókò oko ẹrú tí ọmọ yẹn fi dáyé, ṣé obìnrin náà ní ẹnu láti sọ pé rárá? Brocos ò ya ìyẹn. Ọpẹ́ nìkan ló yà. Èmi ò lè wo ọwọ́ méjèèjì yẹn kí n má ronú nípa bàbá tí kò sí níbẹ̀ yẹn.

Orúkọ àwòrán náà ńkọ́, ẹni tó bá ń ka Bíbélì mọ ìtàn Nóà. Nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 9, Kénáánì ọmọ Hámù ni Nóà gégùn-ún fún, wọn ò dárúkọ àwọ̀ kankan níbẹ̀. Àwọn tó ń ṣòwò ẹrú àti àwọn tó ń wàásù fún wọn ló sọ ọ́ di ègún àwọn èèyàn dúdú. Brocos wá ya ọjọ́ tí ègún náà kúrò, bó sì ṣe kúrò ni pé àwọn dúdú fúnra wọn kúrò.

Ọjọ́ 13 May 1888 ni Bràsíìlì fòpin sí oko ẹrú, òun ló kẹ́yìn ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọn ò sì fún àwọn tó dòmìnira ní ilẹ̀ tàbí owó. Ní June 1890, ìjọba gbé òfin jáde pé ẹnikẹ́ni tára rẹ̀ le tó lè ṣiṣẹ́ lè wọlé láti òkèèrè, àyàfi àwọn ọmọ Éṣíà àti ọmọ Áfríkà, àwọn wọ̀nyẹn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́dọ̀ ilé aṣòfin. Bẹ́ẹ̀, owó ìjọba ni wọ́n fi ń san owó ọkọ̀ ojú omi fún àwọn ará Ítálì kí wọ́n lè wá ṣiṣẹ́ ní oko kọfí São Paulo. Torí náà ọkùnrin tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà yẹn kì í ṣe àlejò tó ṣèèṣì yà síbẹ̀, òfin ló pè é wá. Ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn òfin yẹn ni wọ́n ya àwòrán náà.

Ó wá di July 1911, Universal Races Congress ní Lọ́ńdọ̀nù. João Batista de Lacerda, olórí Museu Nacional ní Rio (ti sáyẹ́nsì ni, kì í ṣe ti iṣẹ́ ọnà tí àwòrán yẹn wà), ló ṣojú Bràsíìlì. Pépà rẹ̀ sọ pé tó bá fi máa tó ọgọ́rùn-ún ọdún sí i, aláwọ̀ dúdú ò ní sí mọ́ ní Bràsíìlì, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn dà pọ̀ náà á ti funfun tán. Nínú èyí tó tẹ̀ jáde ní èdè Faransé, ó fi àwòrán Brocos síbẹ̀, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé èèyàn dúdú ló ń di funfun ní ìran kẹta nítorí pé àwọn ẹ̀yà ń fẹ́ra wọn. Ìdílé tó o rí tí inú wọn ń dùn yẹn, ìṣirò ni lójú tiẹ̀: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, ó ti tán.

Nǹkan kan wà nípa ìpàdé yẹn tí àwọn èèyàn wa kì í sọ, ó sì máa ń dùn mí. Nínú ìwé kan ṣoṣo tí wọ́n kó àwọn pépà ìpàdé náà jọ sí lédè Gẹ̀ẹ́sì, tí ti Lacerda wà, pépà Pásítọ̀ Mọjọlá Agbébì láti Èkó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Agbébì yìí ni David Vincent tẹ́lẹ̀, tó ju orúkọ yẹn sílẹ̀, tó bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀ tó ń wọ aṣọ ilẹ̀ wa kiri, tó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dá ìjọ tí kò sí lábẹ́ òyìnbó sílẹ̀ ní Èkó. Ìwọ̀-oòrùn Áfríkà ló kọ̀wé lé lórí, àṣà wa, ẹ̀sìn wa, láti ẹnu ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀. Ro ó wò, nínú ìwé kan náà, ọ̀gá mùsíọ́mù kan ń ka ọjọ́ tó kù fún àwọn ọmọ Áfríkà ní Bràsíìlì, tó jẹ́ pé àwọn Nàgó, ìyẹn àwọn èèyàn tiwa, pọ̀ nínú wọn ní ìpínlẹ̀ Bàhíà níbẹ̀, ọmọ Yorùbá kan ń kọ̀wé pé àwa nìyí, bí a ṣe ń gbé ayé wa nìyí. Tó o bá to pépà méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tó o kàn jẹ́ kí wọ́n bára wọn sọ̀rọ̀, odidi orí kan nínú prọ́jẹ́ẹ̀tì rẹ nìyẹn.

Nígbà tí Lacerda padà sílé àwọn kan bínú sí i gan-an, ohun tó sì ń bí wọn nínú ni pé ọgọ́rùn-ún ọdún ti pẹ́ jù. Ó gbé ìṣirò jáde lọ́dún 1912, Edgar Roquette-Pinto, onímọ̀ nípa ẹ̀yà èèyàn, ló bá a ṣètò rẹ̀, pé tó bá di 2012, aláwọ̀ dúdú á jẹ́ òdo nínú ọgọ́rùn-ún. Òdo. Ìkànìyàn Bràsíìlì ti 2022 wá jáde: àwọn tó pe ara wọn ní dúdú jẹ́ 10.2 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tó pe ara wọn ní pardo, ìyẹn àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn dà pọ̀, jẹ́ 45.3, àwọn funfun jẹ́ 43.5. Mo fẹ́ kó o kọ nọ́ńbà yẹn sínú iṣẹ́ rẹ gàdàgbà.

Ibi kan wà tó o ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Má kọ ọ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ eugenics ni Brocos nígbà tó ń ya àwòrán náà, kò tíì sí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Bràsíìlì. Ọdún 1918 ni dókítà kan tó ń jẹ́ Renato Kehl dá ẹgbẹ́ eugenics sílẹ̀ ní São Paulo, àwòrán yẹn ti lé ní ogún ọdún nígbà yẹn, ìyẹn ló sì yẹ kó o sọ, pé èrò náà ti wọ èèyàn lójú, wọ́n ti fún un ní góòlù, wọ́n ti gbé e kọ́ ògiri, kí dókítà kankan tó fún un ní ọ́fíìsì. Brocos fúnra rẹ̀ náà wá kọ ìtàn àròsọ tiẹ̀ nígbà tó dàgbà, ní 1930, nípa ìrìn-àjò sí Mars, ó kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yà àti bó ṣe yẹ kí wọ́n máa ṣètò ìran èèyàn síbẹ̀. Galton lọ sí ìlú tí kò sí, Brocos lọ sí ayé mìíràn.

Apá tó le jù láti kọ rèé, má sá fún un. Eugenics ti Bràsíìlì ò dà bí ti Jámánì lójú. Púpọ̀ nínú àwọn dókítà ibẹ̀ gbà pé tí ìjọba bá gbẹ́ kòtò ìdọ̀tí, tó fún àwọn èèyàn lóògùn aràn, tó gbógun ti àtọ̀sí àti ọtí, ẹ̀jẹ̀ ìran tó ń bọ̀ máa dára sí i, wọ́n ní ẹni tó ń tún àyíká ṣe, eugenics ló ń ṣe. Oògùn aràn yẹn wo èèyàn sàn lóòótọ́. Ọ̀nà kan náà yẹn ni èrò pé dúdú jẹ́ àìsàn tó máa lọ ń gbà kọjá, dókítà kan náà ló máa ń gbé méjèèjì dání. Níbi ìpàdé eugenics àkọ́kọ́ tí Bràsíìlì ṣe ní Rio lọ́dún 1929, Kehl fẹ́ kí wọ́n máa fi tipá dá ọmọ bíbí dúró, Roquette-Pinto tó jẹ́ alága, ẹni kan náà tó bá Lacerda ṣe ìṣirò òdo yẹn, dìde ó ní àìsí ìlera àti ẹ̀kọ́ ni ìṣòro, pé kò sí ohun tó ṣe ẹ̀yà ẹnikẹ́ni. Èèyàn lè yí padà o. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n kọ òfin ìpìlẹ̀ tuntun ní 1934, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ ní abala 138 pé iṣẹ́ ìjọba ni láti máa gbé ẹ̀kọ́ eugenics lárugẹ.

Ìwé kíkọ wá ńkọ́? Ẹni tó o máa kà ni José Bento Monteiro Lobato. Kò sí ọmọ Bràsíìlì tí kò mọ̀ ọ́n, ìwé àwọn ọmọdé tó kọ ni wọ́n fi tọ́ ìran tó pọ̀ dàgbà. Ọ̀rẹ́ Kehl ni, ẹgbẹ́ eugenics São Paulo sì wà lára àwọn tó gbé ìwé rẹ̀ kan jáde ní 1918. Ní 1926 ó kọ ìtàn àròsọ kan fún àwọn àgbà, wọ́n ń gbé e jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn kó tó di odidi ìwé, O Presidente Negro ni, ààrẹ aláwọ̀ dúdú.

Amẹ́ríkà ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, lọ́dún 2228. Wọ́n ti ń fi òfin ṣa ẹni tó máa bímọ níbẹ̀ tipẹ́. Àwọn aláwọ̀ dúdú ti lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù, sáyẹ́nsì ti bó àwọ̀ wọn, gbogbo wọn ti di funfun bí ẹni tí àìsàn ń ṣe, irun wọn nìkan ló kù tó ṣì ta kókó. Ìbò dé, àwọn funfun pín sí méjì, ọkùnrin wọn ń dìbò fún ọkùnrin, obìnrin wọn ń dìbò fún obìnrin, Jim Roy tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú bá gba àárín wọn wọlé. Àwọn ọ̀gá àwọn funfun bá ṣèpàdé ní kọ̀rọ̀. Láìpẹ́, iná kan jáde, iná tí wọ́n ń tàn sí irun kókó táá sì nà lọ geere, owó rẹ̀ ò wọ́n, ojúkò rẹ̀ wà ní gbogbo àdúgbò, àwọn aláwọ̀ dúdú tò síbẹ̀ tọkọtaya, wọ́n ń yọ̀. Iná tó ń na irun yẹn náà ló ń pa agbára ọmọ bíbí wọn. Jim Roy kú kí wọ́n tó búra fún un. Ẹnikẹ́ni ò jà, ẹ̀yà náà kàn ń tán lọ wẹ́rẹ́, ìwé náà sì sọ ọ́ bí ìṣòro tí ọlọ́gbọ́n yanjú.

Ẹni tó bá ti jókòó rí ní ṣọ́ọ̀bù onírun tí wọ́n ń fi ìpara jó o lórí tó ń fara dà á, ẹni tó bá ti rí ọjà ìpara ìbóra ní ìgboro wa, á mọ̀ pé ọkùnrin yìí mọ ibi tó ń dun èèyàn, ó sì fi ọwọ́ tẹ ibẹ̀ gan-an. Wá rántí ìyá àgbà inú àwòrán. Wọ́n ń tò lórí ìlà, wọ́n ń yọ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń dúpẹ́. Ọgbọ̀n ọdún ó lé kan ló wà láàárín iṣẹ́ méjèèjì, ọ̀kan fi ọ̀dà yà á, ọ̀kan fi gègé kọ ọ́, ohun kan náà ni wọ́n bá àwọn aláwọ̀ dúdú sọ: pé àwọn fúnra wọn ló fẹ́ ẹ. Lobato lọ sí New York lọ́dún 1927, ó wá ẹni tó máa tẹ ìwé náà níbẹ̀, wọ́n kọ̀ fún un.

Má jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ parí sọ́dọ̀ àwọn tó ń yà wá o. Lọ sí Bàhíà. Raimundo Nina Rodrigues, olùkọ́ nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Salvador, olú ìlú Bàhíà, kọ̀wé ní 1894 pé kò yẹ kí òfin ìjọba mú gbogbo ẹ̀yà bákan náà torí pé ọpọlọ wọn ò dọ́gba. Ẹni kan náà yìí tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde ní 1904 lórí ère gbígbẹ́ àwọn ọmọ Áfríkà ní Bràsíìlì, ó pè é ní iṣẹ́ ọnà gidi, ère àwọn òrìṣà wa wà níbẹ̀. Bó ṣe lè gbà pé ọwọ́ yẹn mọ iṣẹ́ kó tún kọ̀ pé orí yẹn pé, mo ti gbìyànjú láti lóye rẹ̀, kò yé mi. Ẹni tó ń ṣe ògbufọ̀ Yorùbá fún un ni Martiniano Eliseu do Bonfim, babaláwo, ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ wa, tí bàbá rẹ̀ rán wá sí Èkó lọ́dún 1875, tó lo bí ọdún mọ́kànlá níbí kó tó padà. Nina Rodrigues kú ní 1906. Martiniano wà láyé, nígbà tí wọ́n sì ṣe ìpàdé kejì lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Áfríkà ní Bràsíìlì, ní Salvador lọ́dún 1937, òun ni wọ́n fi ṣe ààrẹ ọlọ́lá.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni Manuel Querino. Aláwọ̀ dúdú ni, 1851 ni wọ́n bí i, olùkọ́ àwòrán ni, ó sì bá àwọn òṣìṣẹ́ jà fún ẹ̀tọ́ wọn. Ní 1909 ó kọ ìwé nípa àwọn oníṣẹ́ ọnà Bàhíà, ó ń to orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, agbẹ́gilére, ayàwòrán, alágbẹ̀dẹ góòlù, kí wọ́n má bàa sọnù. Ní 1918 ó tẹ òmíràn jáde pé àwọn èèyàn dúdú ló fi ọwọ́ ara wọn kọ́ Bràsíìlì, pé wọ́n mọ iṣẹ́ irin àti iṣẹ́ oko kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Ṣó o rí ọdún yẹn? Ọdún tí Kehl dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ gan-an ni. Ní São Paulo, àwọn dókítà jókòó láti tún ẹ̀jẹ̀ orílẹ̀-èdè ṣe, ní Bàhíà, olùkọ́ àwòrán kan ń kọ orúkọ àwọn tó kọ́ orílẹ̀-èdè náà.

Jámánì náà ní irú èyí, mo kàn ní kó o mọ̀ ni. Ní 1928 Paul Schultze-Naumburg tẹ ìwé kan jáde tó fi àwòrán ìgbàlódé sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò àwọn aláàbọ̀ ara, kó lè sọ pé ẹ̀jẹ̀ tó bàjẹ́ ló ń ya àwòrán bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Wilhelm Werner, tó wà nílé ìwòsàn àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ, tí wọ́n fi tipá gba agbára ọmọ bíbí lọ́wọ́ rẹ̀, fi pẹ́ńsù ya ohun tí wọ́n ṣe fún un, àwọn nọ́ọ̀sì, irinṣẹ́, ara tirẹ̀. Wọ́n pa á ní 1940. Àwòrán rẹ̀ tó lé ní ogójì wà ní Heidelberg, nínú àkójọ Prinzhorn, níbi tí wọ́n kó iṣẹ́ ọnà àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ jọ sí, nínú gbogbo ìtàn yìí ó ṣọ̀wọ́n kó o rí iṣẹ́ tó ti ọwọ́ ẹni tí wọ́n ṣe é fún gan-an jáde.

Fún Bràsíìlì, ẹni méjì tó wà ní tòsí wa ni màá dárúkọ fún ẹ. Abdias do Nascimento, ayàwòrán, eléré orí ìtàgé, wá ṣe olùkọ́ àlejò ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1976 sí 1977. Pépà tó kọ fún FESTAC, ayẹyẹ àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú àgbáyé ní Èkó, wọn ò gbà á láàyè kó kà á níbẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní Ìbàdàn lọ́dún 1977, ohun tó sì sọ nínú rẹ̀ ni pé sísọ èèyàn di funfun díẹ̀díẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ìrẹ́pọ̀ yẹn, ìpakúpa ni. Ẹ̀dà rẹ̀ lè ṣì wà ní àwọn láìbìrì àtijọ́ wa, wá a. Tó o bá wá wo àwọn àwòrán tirẹ̀, Ọ̀ṣun, Ṣàngó, Èṣù, àwọ̀ wọn tàn yanran, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tó ń tọrọ kí àwọ̀ òun ṣí.

Ẹnì kejì ni Rosana Paulino, São Paulo ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1967. Ní 1865 Louis Agassiz, ọ̀jọ̀gbọ́n Harvard, lọ sí Bràsíìlì, ó ní kí wọ́n bá òun ya fọ́tò àwọn ọmọ Áfríkà ní ìhòòhò, iwájú, ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yìn, kó lè fi sọ pé àwọn ẹ̀yà ò bára wọn tan. Augusto Stahl ló yà á ní Rio. Rosana Paulino mú fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta obìnrin kan nínú wọn ní 2013, ó sọ ọ́ di ńlá lórí aṣọ títí tó fi ga tó èèyàn gidi, ó gé e, ó tún fi abẹ́rẹ́ rán an pọ̀, àmọ́ ó mọ̀ọ́mọ̀ rán an kí etí aṣọ má ṣe bára mu. Ó fi òwú pupa rán ọkàn sí i láyà, ó rán ọmọ inú oyún sí ọ̀kan, ó mú gbòǹgbò jáde lẹ́sẹ̀ ọ̀kan. Assentamento ló pe iṣẹ́ náà, orúkọ tí àwọn oní-Candomblé, ìyẹn àwọn tó ń bọ òrìṣà ní Bràsíìlì, ń pe ibi tí wọ́n fìdí òrìṣà múlẹ̀ sí. Wo ẹsẹ̀ yẹn dáadáa, kó o tún padà lọ wo ẹsẹ̀ ìyá àgbà Brocos lórí erùpẹ̀.

Nípa bó o ṣe máa lò wọ́n: tó o bá fi àwòrán Brocos síbẹ̀, kọ ohun tí Lacerda kọ sábẹ́ rẹ̀ sí i, kó o sì fi òfin June 1890 tì í, torí ẹni tó bá rí i láìsí nǹkan méjèèjì yẹn á rí ohun tí ìwọ náà kọ́kọ́ rí. Fọ́tò ìhòòhò Agassiz, má tẹ̀ ẹ́ sínú prọ́jẹ́ẹ̀tì rẹ rárá, ẹnikẹ́ni ò bi àwọn èèyàn yẹn bóyá wọ́n fẹ́, ṣàpèjúwe rẹ̀ lẹ́nu kó o sì fi iṣẹ́ Paulino síbẹ̀. Lobato, kà á tán pátápátá kó o tó kọ nǹkan kan nípa rẹ̀, má gbára lé àkékúrú tí wọ́n ń gbé kiri. Tó bá sì jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló kù fún ẹ, fi Jámánì àti Galton sílẹ̀, àwọn yẹn ti ní ẹni tó ń kọ wọ́n, mú 1911 nìkan, Lacerda, àwòrán yẹn, àti Agbébì, kó o fi ìdajì iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún Querino.